Ọ̀ràn Iṣẹ́ Méjì Tí Ó Jọra ní Mowe

Nínú ètò tí Ẹlẹ́dàá fi gbé ayé kalẹ̀, kò sí iṣẹ́ tí ó ń kúrò lọ́wọ́ ẹ̀dá tí kì í gbé àpá ọwọ́ náà lọ. Amọ̀kòkò a máa fi ojú ìka sílẹ̀ sí etí ìkòkò. Ahunṣọ a máa fi ibi tí ó ti so òwú pọ̀ sílẹ̀ sí ẹ̀yìn aṣọ. Agbẹ́gilére tí ó bá ń lo ọwọ́ òsì, ọ̀nà ibi tí ọ̀bẹ rẹ̀ gbà yóò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, àní bí ó ti wù kí ó fi ewé ìpín kùn ún tó. Láti ìgbà tí àwọn baba wa ti ń fi ẹfun kọ nǹkan sára ògiri títí di ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná kọ ọ́ sórí dígí, òfin yìí kò yẹ̀. Irinṣẹ́ ni ó ń yí padà. Nígbà tí irinṣẹ́ bá sì jẹ́ tuntun, àwọn ènìyàn a máa rò pé òfin náà ti kú, wọn a sì dán ohun tí wọn kò jẹ́ dán wò pẹ̀lú ìkòkò tàbí aṣọ wò.

Irú rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ ní Mowe ní oṣù Kẹta ọdún 2008.

Ọ̀gbẹ́ni Ọládayọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó kọjú sí títì márosẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ni ó ní, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kan tí ó máa ń ké bí ẹni tí inú ń run. Ní ọdún náà, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá bí a ṣe ń fi èdè Java kọ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà yóò máa ṣe, NetBeans sì ni irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò. Nínú NetBeans, akẹ́kọ̀ọ́ kì í fi kóòdù, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣẹ tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà, bẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù òfìfo kan ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Yóò wá fi máòsì wọ́ bọ́tìnnì, àkọlé àti àpótí ìkọ̀wé láti ẹ̀gbẹ́ wá sí ojú fọ́ọ̀mù náà, bí ẹni tí ó ń to àga sí pálọ̀. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ kóòdù tí ó bá àwòrán yẹn mu.

Ní ìparí ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú iṣẹ́ tirẹ̀ wá: ọ̀kan nínú àwo CD, ọ̀kan nínú ìwé tí a dì pọ̀, tí gbogbo kóòdù rẹ̀ yóò wà ní ẹ̀yìn. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní OPIC Estate ti sọ pé àwọn yóò gba ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù síṣẹ́, bí orúkọ rẹ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn kí agogo méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó lù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọládayọ̀ fi ìwé méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì jókòó pẹ̀sẹ̀. Ti Dáníẹ́lì, ọmọkùnrin Redemption Camp tí ó ń wọ awò, ti dé láti ọjọ́ Ẹtì. Ti Sọ̀fíyátù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Àwọn méjèèjì kọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí yóò máa sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọ báyìí ni àjẹsára kàn lọ́sẹ̀ yìí. Bọ́tìnnì kan náà, àkọlé kan náà, kóòdù kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé ní orí kóòdù Sọ̀fíyátù, ní ibi tí a máa ń kọ orúkọ ẹni tí ó ni iṣẹ́ sí, “Daniel” ni ó wà níbẹ̀.

Kí ó tó di ọ̀sán, Ọládayọ̀ ti yọ orúkọ Sọ̀fíyátù kúrò nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

*

Bàbá ọmọbìnrin náà ni ó gbé ọ̀rọ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Láwàl ni orúkọ rẹ̀, káfíńtà ọmọ Ìwó, tí ó háyà yàrá méjì ní Mowe. Sájẹ́ńtì Mùsáfírù ni ó bá ní kántà.

“Bàbá, kí ni wọ́n jí?”

“Kóòdù ni.”

“Ọwọ́ ta ni ó ti sọnù?”

“Kò sọnù. Ó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.”

Sájẹ́ńtì rọra gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀.

“Ọmọ mi ni wọ́n ní ó jalè,” ni Láwàl wí. “Ẹ wádìí rẹ̀. Tó bá jí i, ẹ sọ fún mi, kí n mú un padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìwó, kó máa bá a ta páànù. Tí kò bá jí i, ẹ sọ fún mi náà, kí n lè gbójú sókè láàárín àwọn tá a jọ ń gbélé.”

Mùsáfírù ronú títí, ó wá pe Ifo lórí tẹlifóònù. Ìyáàfin Ọmọlabí Ògúnkànmí ni ó pè, ẹni tí gbogbo agbègbè náà ń pè ní Màmá Insipẹ́kítọ̀. Atẹ̀wé ni màmá yìí kọ́kọ́ jẹ́ ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá Abẹ́òkúta, kí àwọn ọ̀gá tó ṣàkíyèsí pé ó máa ń rí irọ́ inú ọ̀rọ̀ tí ó ń tẹ̀ kí àwọn tí ó gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ tó rí i. Wọ́n sọ ọ́ di ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ó fẹ̀yìntì lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó sì padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ifo.

“Ọ̀gá mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Wọ́n jí nǹkan tí kò sọnù.”

“Mùsáfírù, ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun mà.”

“Ó dáa. Tún un sọ.”

*

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ náà ní ìsinmi-ìsinmi. Ọládayọ̀ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó sì fa àga fún un. Sọ̀fíyátù kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti wú.

“Olùkọ́, ẹ̀rí wo ni o ní?”

“Ẹ wò ó, mà. Orúkọ Dáníẹ́lì ló wà lórí iṣẹ́ tó lóun ṣe.”

Màmá yíjú sí ọmọbìnrin náà. “Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?”

“Mi ò mọ̀, mà. Mo bá a níbẹ̀ ni.”

“O bá orúkọ ẹlòmíràn lórí iṣẹ́ rẹ, o ò sì pa á rẹ́?”

“Ọ̀gá ní ká má fọwọ́ kan nǹkan tá ò bá mọ ìdí ẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rọ ló ń lò ó.”

“Kọ̀ǹpútà wo ni ìwọ máa ń jókòó sí?”

“Nọ́ńbà mẹ́rin, mà.”

Màmá lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà. “Ẹ ṣí iṣẹ́ tuntun fún mi. Ẹ pè é ní Ifo.”

Ọládayọ̀ ṣí i. Kóòdù tí NetBeans máa ń kọ fún gbogbo iṣẹ́ tuntun yọ sójú. Màmá tẹ̀ síwájú, ó gbé awò rẹ̀ sókè, ó kà, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Mùsáfírù, kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti jí iṣẹ́ Dáníẹ́lì kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.”

“Daniel” ni ó wà ní orí iṣẹ́ náà lóòótọ́. Wọ́n ṣí òmíràn lórí kọ̀ǹpútà kẹfà; “Student” ni èyí kọ ní tirẹ̀. Ọládayọ̀ lu orí ara rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé nígbà tí àwọn ra kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn, Dáníẹ́lì ni ó tò ó fún òun, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sọ nọ́ńbà mẹ́rin. Orúkọ olùlò tí wọ́n bá tò sínú kọ̀ǹpútà ni NetBeans máa ń fà wá sórí iṣẹ́, ẹni yòówù kí ó jókòó síbẹ̀.

“Nítorí náà, ọmọ yìí ò jalè!” ni Mùsáfírù pariwo.

“N kò tíì sọ bẹ́ẹ̀,” ni Màmá dáhùn. “Ẹ̀rí kan ni mo kó kúrò lórí tábìlì. Bí tábìlì ṣe ṣófo yẹn ò sọ ẹni tó ni oúnjẹ.” Ó ti àga kejì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Sọ̀fíyátù, wá jókòó. Kọ́ mi bí ẹ ṣe ń ṣe é.”

*

Ẹ̀kọ́ náà gba wákàtí méjì. Ọwọ́ Màmá kọ́kọ́ le lórí máòsì. Bọ́tìnnì tí ó ń wọ́ bọ̀ já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ó gúnlẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wò ó ná.

“Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjì, mà.”

“Èéṣe? Ṣé kò gbọ́ ti àkọ́kọ́ ni?”

Sọ̀fíyátù rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé. “Lẹ́ẹ̀kan túmọ̀ sí pé ẹ yàn án. Lẹ́ẹ̀méjì ló máa mú yín lọ síbi tí ẹ ti máa sọ ohun tó máa ṣe.”

Màmá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjì. Kóòdù ṣí, àlàfo kan sì wà láàárín rẹ̀. Sọ̀fíyátù pe ìlà kan fún un, Màmá sì fi ìka kan wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ní kí ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ náà. Fọ́ọ̀mù kékeré yọ, Màmá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, àpótí kan sì fò síta: “Ẹ kú iṣẹ́, Màmá.”

“Háà! Ó ń kí mi!”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, mà.”

Màmá padà sínú kóòdù. Ó fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ díẹ̀, ní apá kan tí àwọ̀ eérú bò. Ó tẹ kíbọ́ọ̀dù. Kò sí lẹ́tà tí ó jáde. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà kọ̀ jálẹ̀.

“Kí ni mo ṣe é?”

“Ibẹ̀ kì í ṣe tiyín, mà. Gbogbo ibi tó dúdú díẹ̀ yẹn, NetBeans ló ń kọ ọ́ fúnra ẹ̀ láti ara àwòrán. Ó tún kọ ìkìlọ̀ sókè ẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé òun lòun á máa tún un kọ. Tí ẹ bá fẹ́ yí i padà, ẹ lọ sún bọ́tìnnì lórí fọ́ọ̀mù.”

“Níbo ló ń tọ́jú àwòrán náà sí?”

“Fáìlì méjì ni wọ́n, mà. Ọ̀kan fún kóòdù, ọ̀kan fún àwòrán. Wọ́n máa ń wà pa pọ̀ ni.”

“Nínú ìwé tí ẹ dì pọ̀ ńkọ́?”

“Kóòdù nìkan ló ń wọ ìwé. Mo máa ń dà á sínú Word ni, kó lè ní nọ́ńbà ojú ewé.”

Màmá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré rẹ̀. Ó béèrè ibi tí Sọ̀fíyátù ti ń tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin náà ní ọ̀dọ̀ Tòún ni, tí ó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Ibafo, láti inú flash.

Ojú Mùsáfírù mọ́lẹ̀. “Ọ̀gá mi, ọ̀ràn ti parí. Tòún ló da ohun inú flash sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ló bá kó o fún Dáníẹ́lì.”

“Ó lè rí bẹ́ẹ̀,” ni Màmá wí. Kò kọ ìyẹn sílẹ̀.

*

Màmá gbé ìwé méjèèjì lọ sí Ifo. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ó kà wọ́n ní ìlà-ìlà, rúlà kan lábẹ́ ọ̀kan, rúlà kan lábẹ́ ìkejì. Orúkọ ilé ìgbẹ̀bí tí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù nìkan ni ó yàtọ̀. Ó rí àwọn ìlà kan tí ó yà á lẹ́nu, níbi tí iye àlàfo tí ó wà láàárín bọ́tìnnì méjì ti jẹ́ 143, tí a sì kọ 143 náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀ léra. Ó rò ó pé ènìyàn wo ni yóò jókòó tì í kí ó máa kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó padà sókè, sí ibi ìkìlọ̀ ẹ̀rọ, àwọn ìlà tí kọ̀ǹpútà kì í kà, tí ó wà fún ojú ènìyàn nìkan. Nínú ìwé Sọ̀fíyátù, ìkìlọ̀ náà lọ geerege. Nínú ti Dáníẹ́lì, nọ́ńbà kan dá dúró ní àárín rẹ̀, lórí ìlà tirẹ̀, tí kò bá ohun tí ó wà lókè tan, tí kò sì bá ti ìsàlẹ̀ tan.

31.

Màmá bọ́ awò rẹ̀. Ó nù ún. Ó tún gbé e wọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó pe Ọládayọ̀.

“Olùkọ́, ǹjẹ́ ìwé Sọ̀fíyátù tí wọ́n dì yìí ni èyí àkọ́kọ́?”

“Rárá, mà. Ó ti mú kan wá ṣáájú fún àtúnṣe. Ìyẹn wà lórí tábìlì mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, kí àwọn tó kù lè rí bí wọ́n ṣe ń to iṣẹ́ gidi.”

“Ẹnikẹ́ni lè gbé e?”

“Ẹnikẹ́ni, mà.”

“Bá mi wo ojú ewé tí kóòdù ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀?”

Ó gbọ́ ìró ìwé bí wọ́n ti ń ṣí i.

“Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mà. Àárín ìkìlọ̀ NetBeans ni ojú ewé náà ti parí.”

*

Ní Ọjọ́rú, Màmá àti Mùsáfírù dé Ibafo, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ọládayọ̀ sábà máa ń tẹ ìwé wọn. Ṣọ́ọ̀bù Tòún kò ju fífẹ̀ ibùsùn méjì lọ: kọ̀ǹpútà kan, pírintà kan, ẹ̀rọ fótókọ́pì kan, àti Tòún fúnra rẹ̀ láàárín wọn, obìnrin tí ìka rẹ̀ kì í sinmi.

“Ẹ káàárọ̀ o, mà. Ṣé fótókọ́pì ni àbí ìwé dídì?”

“Ìbéèrè ni,” ni Mùsáfírù dáhùn, ó sì fẹ àyà. “Fáìlì tí àwọn oníbàárà bá gbé wá nínú flash, kí lo máa ń fi í ṣe?”

“Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì máa ń pa á rẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ti ba kọ̀ǹpútà méjì jẹ́ fún mi, Sájẹ́ńtì. Ta ló fẹ́ ìkẹta?”

“O dájú pé o kì í fi kan pamọ́?”

“Kí n fi pùrójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe kí ni? Kí n fi se ọbẹ̀?”

Màmá gbé ọwọ́ dá Mùsáfírù dúró. “Ọmọ mi, gbàgbé ti flash. Ẹnì kan gbé ìwé kan wá fún ọ láìpẹ́. Òyìnbó inú ẹ̀ ò já geere, ó kún fún àmì àkámọ́. Ó ní kí o tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, kí o má tún nǹkan kan ṣe.”

Tòún pàtẹ́wọ́. “Ẹ̀yin náà mọ̀ nípa ìyà tó jẹ mí yẹn! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́.”

“Ta ni?”

“Ọmọkùnrin gíga kan, tó ń wọ awò. Ó ń gbé ní Redemption Camp. Ó ní iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun ni, pé kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n ti bàjẹ́, ìwé yẹn nìkan ló kù. Ó ní tí mo bá yọ àmì kan péré, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.”

“O wá tẹ gbogbo ohun tí o rí.”

“Gbogbo ẹ̀, mà. Bó ṣe wí náà nìyẹn.”

“Àti nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ojú ewé?”

“Ó ní bó ṣe wà,” ni Tòún tún wí, ohùn rẹ̀ sì yí sí ti ẹni tí ó ń gbèjà iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. “Ṣé mo ṣì í ni?”

“O ò ṣì í. Ohun tó yẹ kí atẹ̀wé ṣe lo ṣe. Èmi náà ti ṣe é rí ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1971. Mo tẹ nọ́ńbà ojú ewé kẹsàn-án mọ́ ọ̀rọ̀ afurasí apànìyàn kan. Adájọ́ wá bi í pé àwọn mẹ́sàn-án wo ni ó tún pa.”

Tòún rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Lẹ́yìn náà ni ó ní fáìlì ti àwọn oníbàárà ni òun máa ń pa rẹ́, pé ohun tí òun bá fi ìka ara òun tẹ̀, òun kì í pa á rẹ́. Ó wá a rí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. 31, 32, 33, títí dé 46, gbogbo nọ́ńbà náà wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ojú títì, Mùsáfírù ní, “Ọ̀gá mi, kí ló dé tí 31 nìkan ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ Dáníẹ́lì?”

“Àwọn tó kù bọ́ sáàárín kóòdù gan-an. Java á kọ̀, á sì tọ́ka sí wọn, òun náà á yọ wọ́n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n bọ́ sáàárín ìkìlọ̀ tí kọ̀ǹpútà kì í kà. Ẹ̀rọ ò ṣàròyé nípa ẹ̀. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà wá ò sì kà á.”

“Kò sì lè jẹ́ flash.”

“Ẹni tó bá gba flash á gba fáìlì méjèèjì, ti kóòdù àti ti àwòrán. Nọ́ńbà ojú ewé ò sì sí nínú èyíkéyìí nínú wọn; tó bá sì jẹ́ Word ló ti da kóòdù jáde, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ewé ò ní bá a jáde. Ẹni tó ń wo ìwé tẹ̀ ẹ́ nìkan ló lè kó o mọ́ ọn.”

*

Ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn pé sí yàrá ẹ̀kọ́. Láwàl dúró sí ẹ̀yìn, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé tí Ọládayọ̀ yóò fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn wà lórí tábìlì. Àyè orúkọ rẹ̀ ṣì ṣófo. Dáníẹ́lì kí gbogbo ènìyàn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì jókòó.

“Ọmọ mi,” ni Màmá wí, “bí o ṣe ṣe iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ gbọ́.”

“Mo kọ ọ́ ni, mà.”

“Ṣé o kọ́kọ́ ya fọ́ọ̀mù ni?”

Dáníẹ́lì ronú díẹ̀. “Rárá, mà. Èmi ò fẹ́ràn yíyà yẹn. Kóòdù ni mo fọwọ́ kọ tààrà.”

“Ó dáa. Olùkọ́, ṣí ti Sọ̀fíyátù.”

Ọládayọ̀ ṣí i láti inú CD. Màmá ní kí Dáníẹ́lì tẹ lẹ́tà kan sí ibi tí àwọ̀ eérú bò. Ó tẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tí ó jáde. Wọ́n ṣí ti Dáníẹ́lì. Kò sí àwọ̀ eérú níbẹ̀ rárá, funfun ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n tẹ lẹ́tà kan. Ó jáde wẹ́rẹ́.

“Mo ti sọ ọ́, mà. Ọwọ́ ni mo fi kọ tèmi. Ìyẹn ló jẹ́ kó yàtọ̀.”

“Mo gbọ́. Ìwọ lo wá fọwọ́ ara rẹ kọ 143 lẹ́ẹ̀mẹta síbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kí ló dé tí kì í ṣe 140? Àbí 150?”

“Mo... mo wọ̀n ọ́n ni, mà.”

“Kí ni o fi wọ̀n ọ́n, níwọ̀n ìgbà tí o kò ya fọ́ọ̀mù?”

Dáníẹ́lì fi ọwọ́ ti awò rẹ̀ sókè.

“Ìkìlọ̀ yìí ńkọ́? Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kóòdù yìí, pé ẹ̀rọ tó ń ya fọ́ọ̀mù lá máa tún un kọ. O ò lo ẹ̀rọ tó ń ya fọ́ọ̀mù. Ta lò ń kìlọ̀ fún?”

Dáníẹ́lì wo Ọládayọ̀. Ọládayọ̀ wo ilẹ̀.

“Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn nìyí.” Màmá fi ìka lé ojú dígí náà. “Kí ni 31?”

Ọmọkùnrin náà tẹ̀ síwájú. Ó hàn gbangba pé kò rí i rí. Ó kà á, ó tún un kà. Màmá gbé ìwé àkọ́kọ́ ti Sọ̀fíyátù síwájú rẹ̀, ó ṣí i sí ojú ewé tí kóòdù ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ewé tí Tòún tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Dáníẹ́lì bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Orí tábìlì ni mo ti rí i,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Mo ṣí i, mo rí orúkọ mi níbẹ̀. Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni mò ń padà lọ wò ó. Mi ò tíì ṣe nǹkan kan, mà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn ni mò ń tún ṣe nísàlẹ̀. Dádì mi sì ti sọ fún gbogbo ìjọ pé èmi ni mo máa gba iṣẹ́ OPIC.”

“O sì jẹ́ kí wọ́n lé mi,” ni Sọ̀fíyátù wí. Kò pariwo. “Ìwọ lo kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Dáníẹ́lì.”

Dáníẹ́lì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì. Sọ̀fíyátù ní kí ó dìde, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun ti gbà.

Láwàl ti dé fìlà rẹ̀. Ó bọ́ síwájú, ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju, “Ṣé o ti jẹun láàárọ̀ yìí?”

“Rárá, Bàbá.”

“Wọn ò gbọdọ̀ rí ọ níbi iṣẹ́ pẹ̀lú ebi.”

Ọládayọ̀ mú gègé, ó sì kọ orúkọ sí àyè òfìfo náà.

*

Ìwé náà dé OPIC Estate nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí agogo méjìlá lù. Sọ̀fíyátù wọ iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sì lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Ọládayọ̀ dá orúkọ rẹ̀ padà sínú ìwé, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì, kò sì gbé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan sórí tábìlì mọ́. Láwàl kan tábìlì kọ̀ǹpútà kan fún ọmọ rẹ̀, igi rẹ̀ nípọn ju bí ó ti yẹ lọ, tí ó fi jẹ́ pé ọkùnrin mẹ́rin ni ó gbé e wọlé. Mùsáfírù kò kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, nítorí pé kò mọ abẹ́ òfin tí ì bá kọ ọ́ sí; ní ọdún kejì, wọ́n gbé e lọ sí Ṣàgámù. Tòún ra kọ̀ǹpútà kejì, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó bá gbé kóòdù wá pé ta ni ó ni ín. Wọn kò fún Dáníẹ́lì ní ìwé ẹ̀rí ní ọdún náà. Bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù kan. Lẹ́yìn náà, Dáníẹ́lì ṣí ibi ìtúnṣe kọ̀ǹpútà ní Magboro, iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ó sì ń ṣe é títí di òní. Màmá Ògúnkànmí padà sí Ifo.